Báwo ni a ṣe ń wọn erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbá lọ lórí òkè?

Ìbéèrè: Wọ́n la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè tí mò ń mójú tó, àgbàrá sì ti ń gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Mo ti ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ láti máa wo bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Ṣé ìyẹn tó láti mọ iye tí à ń pàdánù lọ́dún?

Ìdáhùn: Kò tó. Ọ̀pá irin máa ń fi ibi tí erùpẹ̀ ti ń kúrò àti ibi tí ó ń kó jọ sí hàn yín, ṣùgbọ́n iye tí ó jáde kúrò lórí òkè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí hẹ́kítà kan bá fi mìlímítà kan péré lọ sílẹ̀, mítà kúbíìkì 10 ni ó lọ, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13 bí mítà kúbíìkì erùpẹ̀ kan bá wọn tọ́ọ̀nù 1.3, nítorí náà, àṣìṣe kékeré nídìí rúlà kì í ṣe ohun kékeré rárá. Lórí òkè tí òtútù ti ń mú kí omi inú ilẹ̀ dì, yìnyín a máa ti ọ̀pá sókè, ẹni tí kò fura yóò sì rò pé ilẹ̀ ni ó lọ. Erùpẹ̀ tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ dà pẹ̀lú a máa rìn wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé àgbàrá gbé ohunkóhun.

Ẹ ta aṣọ líle tí omi lè gbà kọjá sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè, kí ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò tí ẹ tẹ̀ pinpin, nítorí pé abẹ́ aṣọ ni omi kọ́kọ́ máa ń gbà sá. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró sí òkè ibẹ̀ láti darí omi àjèjì gba ibòmíràn, kí ẹ lè mọ ìwọ̀n ilẹ̀ tí erùpẹ̀ náà ti wá. Kí aṣọ tó kún, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ooru 105°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Ìwọ̀n gbígbẹ nìkan ni ó ṣeé fi wéra. Amọ̀ lẹ́búlẹ́bú yóò gba inú aṣọ kọjá, nítorí náà iye tí ẹ bá rí kéré sí òótọ́.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n òjò sí ìtòsí, èyí tí ó ń kọ bí òjò ṣe le tó sílẹ̀, nítorí pé òjò líle oníwákàtí kan lè gbá erùpẹ̀ ju òjò wínníwínní ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ sì ta irú aṣọ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí ó dà gẹ̀rẹ́ bákan náà, torí pé láìsí i, ẹ kò lè sọ èyí tí ọ̀nà náà fà. Ó kéré tán, kí ó jẹ́ mẹ́ta ní ìhà kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ òkè máa ń yàtọ̀ síra gan-an láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀.