Èsì: Ẹran sísun ní Memphis fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ibi tí ẹ lè mú bàbá lọ jẹ bábékíù ní Memphis, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí ẹlẹ́dẹ̀ ni ọba níbẹ̀! Ilé oúnjẹ Cozy Corner ni kí ẹ lọ, wọ́n ti wà láti 1977. Odindi adìyẹ kékeré ni wọ́n ń sun fún èèyàn, awọ rẹ̀ á pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀, sọ́ọ̀sì á máa ro tótó lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ààrò kan náà ni wọ́n fi ń sun ẹlẹ́dẹ̀, kí bàbá má baà bínú.

Tí ẹ̀yin bá ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ní tiyín, ẹ yà sí ilé oúnjẹ Rendezvous, inú ọ̀nà tóóró kan láàárín ìlú ló wà. Èròjà gbígbẹ ni wọ́n ń wọ́n sórí egungun ìhà, bí yajì orí súyà.