"Leave" inú "leave to remain" kì í ṣe lílọ

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ohùn kan tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní òun ń ṣàlàyé ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba fáwọn èèyàn wa. Ó ní "leave to remain" túmọ̀ sí pé ìjọba ti "fi ẹ́ sílẹ̀", pé wọn ò wá ẹ mọ́, kó o máa ṣe bó o ṣe fẹ́. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi wá béèrè pé: ṣé "leave" kọ́ ni kéèyàn máa lọ? Báwo ni lílọ àti dídúró ṣe wá jókòó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àlàyé ọkùnrin yẹn ló bí mi nínú, torí ó lè kó bá èèyàn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni "leave" jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ló bára mu, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹ wo igbá àti ìgbà, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀: ẹni tí kò bá ka àmì ohùn sí á pe gbogbo wọn ní ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "lēaf" ni wọ́n ń pè é, ìyọ̀ǹda ló sì túmọ̀ sí. Òun ló wà nínú "annual leave" àti "sick leave": líìfù tí òṣìṣẹ́ ń gbà, àyè tí ọ̀gá yọ̀ǹda fún un ni. Òun náà ló wà nínú "take your leave". Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kéèyàn ṣáà dìde kó máa lọ ni. Rárá o! Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kéèyàn tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kó tó lọ ni. Bí bàbá bàbá mi bá fẹ́ kúrò níwájú ẹni tó jù ú lọ, kì í ṣàdédé nàró. Á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, bàbá." Àgbà náà á ní, "Má tíì lọ", á ní kí wọ́n tún bu ẹmu sí i fún un. Ìgbà tó bá tẹ́ àgbà lọ́rùn ló máa tó ní, "Ó dàárọ̀ o." "Ẹ jẹ́ kí n" yẹn gan-an ni "leave". Lónìí, "mò ń lọ o" lọmọ máa sọ, á sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán. Bá a bá ti gbàgbé èyí tó jẹ́ tiwa, báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tó bá wọ aṣọ òyìnbó?

Ìyọ̀ǹda yìí ni òfin Ìlú Ọba ń sọ nípa rẹ̀ nínú Immigration Act ti 1971, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1973. "Leave to enter", àyè láti wọlé. "Leave to remain", àyè láti dúró. Àwọn èèyàn wa ní London máa ń ní, "Ó ti gba stay." Mi ò bá wọn jà, torí "gbà" tó wà níbẹ̀: ohun tá a gbà, ẹnì kan ló fún wa. "Indefinite" tó sì máa ń ṣáájú "leave to remain", ohun tó ń sọ ni pé a ò dá ọjọ́ tó máa parí. Kò sọ pé kò ní àdéhùn. Ìbátan mi obìnrin kan gba tiẹ̀, ó wá lọ kọ́lé sí Ìbàdàn, ó lo ọdún mẹ́ta gbáko níbẹ̀ láìyọjú, torí wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ti "fi í sílẹ̀". Bẹ́ẹ̀, fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, bí wọ́n bá kúrò nílùú ju ọdún méjì lọ láìpadà, àyè náà ti parẹ́ nìyẹn. Físà ẹni tó ń padà bọ̀ ló tún ní láti tọrọ.

"Leave" kejì, tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ló dùn mọ́ mi jù. "Lǣfan" ni níjọ́ ọjọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kéèyàn jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́ kù! Ohun tó kù lẹ́yìn ló ń wò. "Ó kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀": "he left three children". Ta ló dúró? Àwọn ọmọ ni. Oúnjẹ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ńkọ́? "Leftovers" ni. Ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀, ilé ló dúró, òun ló lọ. Ibẹ̀ ni lílọ gbà wọnú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì wà tá a fi ń sọ pé a jẹ́ kéèyàn dúró tàbí a fipá mú un dúró. Ti "let", "make", "allow" àti "force" ò le. "Let him stay", "make him stay", kò sí "to" níbẹ̀. "Allow him to stay", "force him to stay", ó gbọ́dọ̀ wà. "Kí" inú "jẹ́ kí" àti "mú kí" ló ń ti àwọn ọmọ wa kọ "let him to stay".

Ṣùgbọ́n bó bá di ká fi agbára dá èèyàn dúró, "mọ́" ni kẹ́ ẹ wá nínú Yorùbá: tì mọ́lé, há mọ́, sé mọ́. "Keep" Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ipá. "Dá dúró" tiwa náà léwu: ó lè jẹ́ títì mọ́lé, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n ní kéèyàn má wá síbi iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ògbufọ̀, obìnrin kan ní, "Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta." Ògbufọ̀ tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi ti pè é ní "detained", ìyẹn ni pé wọ́n tì í mọ́lé, akọ̀wé sì ti ń kọ ọ́. Mo ní kó dúró ná. Mo bi obìnrin náà pé, "Ìyá, ṣé wọ́n tì yín mọ́lé ni, àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ má wá síbi iṣẹ́?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ibi iṣẹ́ ni o! Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi máa tì mí mọ́lé?"