Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni àwọn ẹ̀yà ara aago ọwọ́ àtijọ́?

Ojú aago ni mo máa ń gbà yín níyànjú láti kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló sábà máa ń tú àṣírí jù. Bí ẹ bá rí «T SWISS T» ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tritium, èròjà tó ń mú kí ọ̀dà tàn nínú òkùnkùn, ni wọ́n fi kun àwọn àmì wákàtí. Agbára èyí máa ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún 12, nítorí náà, bí aago ọdún 1970 bá ṣì ń tàn yòò nínú òkùnkùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti tún un kùn tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀dà ojú aago bá ti pọ́n bí èépá ẹ̀pà, tí ti ọwọ́ aago sì funfun báláú, ọwọ́ náà kì í sábà jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ha ọ̀dà yìí rárá, pàápàá lára aago tó ti wà ṣáájú ọdún 1960, nítorí ó lè jẹ́ radium, èròjà onítànṣán mìíràn tó ń mú ọ̀dà tàn, ẹ̀búbú rẹ̀ sì léwu gan-an.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ aago í tún ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà ẹ̀rọ inú rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pààrọ̀ nígbà àtúnṣe kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ó máa ń dín iye aago kù lójú àwọn tó ń kó o jọ.