Ṣé hi-res tó ohun tí èèyàn ń san ìlọ́po owó lé lórí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi àwọn àwo orin sílẹ̀ nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wákà Bátílì Àlàkẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá wa gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà dárúkọ owó méjì: owó ti CD, àti ti hi-res (ìgbàsílẹ̀ tó kúnná ju ti CD lọ) 24-bit/192 kHz, tó jẹ́ ìlọ́po méjì. Sìpíkà Bluetooth la fi ń gbọ́ orin nílé. Ṣé hi-res dùn jù lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san ìlọ́po méjì. Bí owó bá wà tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ ní kó fi ra abẹ́rẹ́ tuntun sí ẹ̀rọ tó fi ń yí àwo.

kHz ń sọ iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bit ń sọ bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe kúnná tó. CD, tó dé ọjà ní 1982, ń wọ̀n ọ́n nígbà 44,100, ní 16-bit. Iye ìgbà náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tí ohùn tó tínrín jù lọ tá a fẹ́ gbà ń gbọ̀n. Etí ọmọdé pàápàá kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, tàwa àgbà sì ti wálẹ̀ sí i. CD ti kárí ẹ. Èyí tí 192 kHz ń gbà lókè ìyẹn, àdán ló lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ àdán kì í jó wákà. Ní ti 16-bit, ariwo tó ń ta ṣáṣá lórí àwo àtijọ́ fúnra rẹ̀ ti bo gbogbo ohun tí 24-bit ìbá fi kún un mọ́lẹ̀.

Ní 2007, àwọn olùwádìí Meyer àti Moran ní Amẹ́ríkà gbé CD àti hi-res fáwọn èèyàn gbọ́ láì jẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni èwo, nígbà tó lé ní 500. Bí ìdajì ni wọ́n gbà, iye tí ẹni tó kàn ń méfò náà máa gbà. Reiss, olùwádìí ní yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ìwádìí 18 jọ ní 2016: níbẹ̀, àwọn èèyàn gbà á ní bí 52 nínú 100, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe máa tẹ́tí sì ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní purọ́ pé kò sí ìyàtọ̀ rárá. Àmọ́ Bluetooth yín tún ń fún orin pọ̀ kó tó dé sìpíkà. Kín ló máa kù níbẹ̀?

Ibi tí 24-bit ti wúlò ni ìgbà tí wọ́n bá ń gbà á sílẹ̀. Èèyàn lè gba ohùn wọlé ní ìwọ̀nba, kí ohùn má baà fọ́ bí ìlù bá ṣàdédé dìde. Ẹ ní kó gbà á ní 24-bit/48 kHz. Títẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà ni, mi ò rí ohun tó fi di ìlọ́po owó. 192 kHz á gba àyè bí MB 69 lórí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan, CD bí 11.

Iṣẹ́ gan-an wà lórí àwo. Kó fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kó tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Bí ti 78 (àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) bá wà nínú wọn, abẹ́rẹ́ tiwọn nípọn ju ti LP, àwo ńlá tó dé lẹ́yìn wọn, lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Ẹ sì kìlọ̀ fún un lórí ariwo tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yọ. Bó bá yọ ọ́ jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bá a lọ: ohùn rẹ̀ á dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò. Èmi máa ń fi ẹ̀dà tí mi ò fọwọ́ kàn sílẹ̀ fún oníbàárà ní Ṣàgámù níbí, kó lè tún un ṣe bó bá wù ú.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gba orin sí MP3 (fáìlì tí wọ́n gé lára ohùn kúrò kó lè kéré), tí wọ́n á wá yí i padà sí 192 kHz kí owó lè ga. Gààrí Ìjẹ̀bú kóńgò kan tá a dà sínú àpò ńlá, kóńgò kan náà ni. Ẹ gba FLAC, fáìlì tí kò gé ohùn kankan kúrò, lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ṣe é, kẹ́ ẹ fi MP3 ránṣẹ́ sáwọn ẹbí lórí WhatsApp.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ ní kó ṣe orin kan ní ọ̀nà méjèèjì, kí ohùn wọn dọ́gba (èyí tó bá lọ sókè díẹ̀ ló máa ń dùn létí). Kí ọmọ kan máa yí wọn láì sọ fún yín, nígbà 10. Bẹ́ ẹ bá dá a mọ̀ nígbà 9, ẹ san owó hi-res.

Kẹ́ ẹ sì gba àwọn àwo náà padà. Òòró ni kẹ́ ẹ tò wọ́n, níbi tí oòrùn kò lè dé.