Yorkshire Terrier: irun rẹ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ ní àwọn ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin ń sunkún pé ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Yorkshire Terrier làwọn fẹ́, ẹ wá ń bẹ̀rù irun gígùn yẹn. Mo tọ́ ọ̀kan fún ọdún mọ́kànlá níbí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́.

Irun yẹn níṣẹ́ lóòótọ́. Kì í gbọ̀n sórí àga púpọ̀, ńṣe ló ń gùn sí i bí irun orí èèyàn. Ẹ fi òòyà sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta péré, ẹ̀yìn etí àti abíyá á ti ta kókó. Ṣùgbọ́n ẹ lè gé e mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà.

Ọ̀fun rẹ̀ ló kó bá mi. Okùn ọrùn ni mo rà fún un, torí ohun tí mo mọ̀ láti ilé nìyẹn, ó sì fẹ́ràn kó máa fà mí lọ. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ ikọ́ kan tó ń dún bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń ké. Mo ṣe bí òtútù ni, mò ń da aṣọ bò ó. Dókítà ẹran ló là mí lóye pé ọ̀nà ọ̀fun irú ajá yìí kì í lágbára, pé ó lè tẹ̀ wọnú, okùn tí mò ń fà sì ń dá kún un. Ọjọ́ náà ni mo ju okùn yẹn nù, mo ra èyí tí wọ́n ń gbé wọ̀ wọ́n láyà. Ikọ́ náà dín kù, àmọ́ kò tán títí ó fi kú. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, tàyà ni kẹ́ ẹ rà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ebi náà. Ara ọmọ wọn kéré débi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, mo bá a nínú apẹ̀rẹ̀ tó ń gbọ̀n, orí ò dúró lọ́rùn, èrìgì ti funfun. Dókítà ní kí n fi oyin pa á lérìgì, kí n máa bọ̀. Mo ti ìka bọ oyin, mo pa á, mo gbé e sábẹ́ kóòtù, mo sáré. Kí n tó dé ọ̀hún, ó ti ń lá ìka mi. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mò ń fún un lóúnjẹ, títí ó fi dàgbà.

Eyín ńkọ́? Eyín kékeré wọn kì í fẹ́ já, tuntun á hù tì í, oúnjẹ á máa há sáàárín. Owó tí mo ná sórí eyín ju iye tí mo fi rà á lọ.

Ẹ má sì pè é ní ohun ìṣeré. Nǹkan bí ọdún 1850 làwọn òṣìṣẹ́ tó ti Scotland wá sí àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, kó àwọn baba ńlá rẹ̀ dání. Eku ni wọ́n ń fi wọ́n pa. Ajá kan tó ń jẹ́ Huddersfield Ben, tí wọ́n bí ní 1865, tí wọ́n ń pè ní baba gbogbo wọn, ògbóǹtarìgì ni nídìí eku pípa. Kílò mẹ́ta péré ni Tanímọ̀la, kò sí ajá tí kì í gbó mọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àmọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin bá já a sílẹ̀ láti orí àga, ó lè kán. Èmi á ní kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n tó ọdún méje, mẹ́jọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ má ra èyí tó kéré kọjá ààlà tí wọ́n ń pè ní "teacup", àìsàn ló ń bá kíkéré yẹn rìn. Ẹ lọ sílé ẹni tó bí i, kẹ́ ẹ fojú yín rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ní ìyá ò sí ńlé, ẹ yáa padà.