Ọ̀rọ̀ tí abísínwín ń sọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Gáà-Àkànbí ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Láti ọjọ́ kẹrin ni kò ti sùn dáadáa. Lẹ́yìn súnà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ léra léra. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ, ó tún ní èmi kọ́ ni mo ni ọmọ náà, ó ní òun ti pa àbúrò òun. Àbúrò náà wà ní Ọ̀fà, a bá a sọ̀rọ̀ lánàá. Àbúrò mi ká gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Ìyá mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ áfáà kan kó lè jẹ́wọ́ tán, pé bó bá jẹ́wọ́ tán, ara rẹ̀ á yá. A ti máa ń jà kó tó bímọ. Ṣé ẹ lè gbà wá nímọ̀ràn tọkọtaya lórí fóònù? Ṣé kí n sì lọ ṣe àyẹ̀wò DNA?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wá mọ́tò, kí ẹ gbé ìyàwó yín lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ lè ka ìyókù lójú ọ̀nà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà tọkọtaya, kò sì sí ìmọ̀ràn orí fóònù tó lè kápá rẹ̀. Mi ò tíì fojú kan aláìsàn, nítorí náà mi ò lè búra pé abísínwín ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ìbímọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sùn, tó ń sọ̀rọ̀ léra léra, tó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, pàjáwìrì ni, bíi ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Nínú 1,000 obìnrin tó bímọ, ọ̀kan tàbí méjì ni abísínwín ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ibi ọmọ bá ti jáde, àwọn họ́mọ̀nù tó gbé oyún ró á já wálẹ̀ lójijì. Àìsùn ọmọ tuntun àti ti àlejò súnà á tún gorí rẹ̀. Bí irú àìsàn yìí bá sì ti wà nínú ìdílé, tàbí tó ti ṣe obìnrin náà rí, ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ìjà tí ẹ ń jà kọ́ ló fà á.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí sí ìyá yín létí.

Ọpọlọ tó ń ṣàìsàn báyìí máa ń gbé ìgbàgbọ́ kalẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, aláìsàn á sì dì í mú gírígírí, kò sí àlàyé tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ òdì là ń pè é. Àìsàn ló ń bí i, ṣùgbọ́n inú ohun tí ènìyàn ti ń bẹ̀rù láti kékeré ló ti ń rí aṣọ wọ̀. Ẹni tó dàgbà síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àjẹ́, àjẹ́ ni yóò pe ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ nípa àlùjànnú, àlùjànnú ni yóò rí. Nílẹ̀ òyìnbó, aláìsàn á ní ìjọba ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òun. Ọmọ ló sì wà lọ́kàn ìyá ọmọ tuntun tọ̀sán tòru, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ọmọ: wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn, ẹlòmíràn ló ni ín.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín fúnra rẹ̀ sọ. Ó ní òun pa àbúrò òun. Ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ gbọ́ ohùn àbúrò náà lánàá. Kí ló wá dé tí ti ọmọ fi wọ̀ yín lọ́kàn? Ẹnu kan náà ló ti jáde, àìsàn kan náà ló sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ ọmọ lóòótọ́, kí ló tún kan bóyá ẹ̀yin lẹ ni ín?

Ibi tí wọ́n ti ń gba ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Wọ́n á de obìnrin tí kò sùn fún ọjọ́ méje mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ebi pa á, wọ́n á máa bi í pé: ta lo pa? Ta ló bá ọ lò? Kò sí ohun tí ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò ní gbà. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń fún àìsàn ní ọ̀rọ̀ tuntun tí yóò máa sọ. Àwọn kan á ní ara lágbájá balẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ́wọ́. Abísínwín máa ń lọ, ó máa ń bọ̀: aláìsàn lè sọ̀rọ̀ gidi láàárọ̀, kó tún dàrú lálẹ́. Ẹni tó rí ti àárọ̀ nìkan á rò pé ìjẹ́wọ́ ló ṣiṣẹ́. Asofẹ́yẹjẹ, egbòogi kan tí wọ́n ń pò mọ́ àgbo nírú ibi bẹ́ẹ̀, ń mú ènìyàn sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Tí oògùn ilé ìwòsàn bá bá a nínú ara, ó lè di ewu. Bó bá ti mu àgbo kankan, ẹ sọ fún dókítà, ẹnikẹ́ni ò ní bú yín.

Bí áfáà bá fẹ́ ka rúkíyà (àdúrà ìwòsàn láti inú Kùránì) lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó kà á. Kó má fún un ní ohunkóhun mu, kó má nà án, kó má bi í ní ohun tó ṣe.

Bí ẹ ṣe máa gbé e: kì í ṣe lórí ọ̀kadà. Kó jókòó sẹ́yìn mọ́tò láàrin obìnrin méjì tó fọkàn tán, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í pa ọmọ lára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé ọmọ wà nínú ewu lè fẹ́ gbà á là lọ́nà tí yóò pa á. Ẹ kó ọ̀bẹ àti oògùn kòkòrò kúrò nílẹ̀, ẹ ti ìdérí kànga.

UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní dókítà ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tàbí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn tó ní dókítà aláboyún tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ sáré lọ. Ẹ rí i pé wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ (140/90 sókè kì í ṣe ohun àfojúfò), kí wọ́n yẹ ibà, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí kòkòrò inú ilé ọmọ, ibà àti ìfúnpá gíga náà lè da orí ìyá ọmọ rú.

Wọ́n lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọrùn rẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí ahọ́n rẹ̀ le lẹ́yìn abẹ́rẹ́ haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú orí tó dàrú, kì í ṣe pé àlùjànnú padà dé. Oògùn ló fà á, oògùn mìíràn tó ń jẹ́ Artane ló sábà máa ń tú u. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá. Ẹ béèrè lórí ọmú: àwọn oògùn kan bá ọmú mu, lithium, oògùn kan tí wọ́n tún ń lò fún àìsàn yìí, ń fẹ́ ìṣọ́ra gan-an. Ẹni tó ń lo lithium kò sì gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, torí àìtó omi nínú ara ń mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó dá ọmú dúró, kó máa fún wàrà díẹ̀ jáde bí ọmú bá ti le, kó má baà wú. Kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ara bá yá. Oṣù púpọ̀ ló máa ń gbà.

Ìmọ̀ràn tọkọtaya ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí orí rẹ̀ bá ti pé. Àwọn mìíràn máa ń rántí díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ, ìtìjú rẹ̀ sì máa ń wúwo. Nígbà náà la máa jókòó, ẹ̀yin méjèèjì àti ìyá yín bó bá gbà, ká ya ọ̀rọ̀ àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà tó ti wà tẹ́lẹ̀, ká sì sọ̀rọ̀ oyún tó ń bọ̀, torí àìsàn yìí lè padà wá lẹ́yìn ìbímọ mìíràn lára obìnrin kan nínú méjì tàbí mẹ́ta. Títí di ìgbà yẹn, ẹ má kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ má sì lọ ṣe DNA kankan lórí ọ̀rọ̀ tí àìsàn sọ.

Fídíò yẹn, ẹ fi han dókítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó lè jẹ́ kó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù àbúrò yín àti ti gbogbo ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́ sí, kí ìyàwó yín tó padà wálé.