Kọ́ńpáàsì kì í wá wúrà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹnìkan gbé kọ́ńpáàsì wá sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́nà Ìdànrè, ní Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tó dé igun kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yà kúrò ní àríwá. Ó ní wúrà tó wà nísàlẹ̀ ló ń fà á, kí n sanwó kí àwọn wá gbẹ́ ẹ. Kọ́ńpáàsì fóònù tèmi náà yà níbẹ̀. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ohun tí wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀: lónìí wúrà, lọ́la bítúmẹ́nì (ọ̀dà dúdú inú ilẹ̀). Òòfà kì í fa wúrà. Ẹ gbé òrùka wúrà sún mọ́ kọ́ńpáàsì yẹn, kò ní mira. Bàbà àti òjé ńkọ́? Bákan náà. Bítúmẹ́nì Agbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, pàápàá kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rí wa mú ni pé a rò pé nǹkan kan ní àríwá ló ń fa abẹ́rẹ́. Irọ́ ni. Agbára òòfà ilé ayé kì í fà á, ṣe ló ń yí i. Ẹ wò ó fúnra yín: ẹ fi ẹnu òòfà kan nu abẹ́rẹ́ ìránṣọ láti ìdí dé orí, ọ̀nà kan náà, bí ọgbọ̀n ìgbà, ẹ má nù ún padà sẹ́yìn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ewé kékeré nínú abọ́ ike tí omi wà (abọ́ irin kò dára). Ewé á yí títí abẹ́rẹ́ á fi kọjú sí àríwá òun gúúsù, á sì dúró. Kò ní léfòó lọ bá etí abọ́ tó wà ní àríwá, torí bí agbára náà ṣe ń ti ẹnu kan sí àríwá ló ń ti ẹnu kejì sí gúúsù, ìwọ̀n kan náà.

Irin yíyọ́ tó ń ṣàn kiri ní bíi 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa ló ń dá agbára yìí sílẹ̀. Kó tó dé Àkúrẹ́, ó ti rọ̀ gan-an, kò ju bíi 33 microtesla (ìwọ̀n agbára òòfà) lọ. Òòfà kékeré ara fìríìjì jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí irin tó bá wà nítòsí fi ń borí rẹ̀.

Nítorí náà, irin ni kí ẹ wá. Rọ́ọ̀dù inú ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì, páìpù irin kànga ẹ̀rọ, géètì, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sítòsí, àdá. Ẹ wo àpò ẹni tó mú kọ́ńpáàsì dání pẹ̀lú. Òòfà kékeré kò wúwo láti fi pamọ́. Ti fóònù yín, ẹ yọ àpò rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní òòfà lẹ́nu, kí ẹ sì fi fóònù ya 8 lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àpáta tí àrá ti sán lù náà lè yí abẹ́rẹ́, ọ̀nà Ìdànrè yẹn sì kún fún àpáta.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ rèé. Ẹ dúró sí igun yẹn, ẹ wo òpó onígi kan tó jìnnà bí àádọ́ta mítà. Ká ní kọ́ńpáàsì ka 65 dìgírì. Ẹ lọ dúró nídìí òpó náà, ẹ wo igun yẹn padà: 245 ló yẹ kó kà, ìyẹn 65 àti 180. Tó bá ka 252, irin tàbí irú àpáta yẹn wà nítòsí ọ̀kan nínú ibi méjèèjì. Ẹ sún mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ tún un ṣe, ẹ ó mọ ibi tó wà.

N kò rí ilẹ̀ náà, n kò sì lè búra lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wúrà bá tilẹ̀ wà, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun gbẹ́ ẹ, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín.